Owó Ojú

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni Yékínnì ní kí n san.
Kò mú ìṣó kan lọ́wọ́, kò gbé páànù kan léjìká.
Mo ní, "Owó kí ni?"
Ó ní, "Owó ojú."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Èmi tí mo ní ojú méjì lórí ara mi,
ṣé n ó wá yá tẹlòmíràn láti fi wo òrùlé bàbá mi?

Oṣù Èrèlé nìyẹn, ojú ọ̀run gbẹ,
gbogbo páànù Òkè-Baálẹ̀ pọ́n bí osùn nínú oòrùn.
Ta ní ń rántí òjò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀?

Òjò gba ọ̀nà Ìlobùú dé nínú oṣù Èbìbí.
Àbàwọ́n kan yọ lára àjà Ìyá Bùṣírátù, ayálégbé mi,
ó kọ́kọ́ tó ẹnu ife,
ó fẹ̀, ó tó àtẹ,
ó pọ́n létí bí tíì tó dà sórí aṣọ funfun.
Mo pe ọlọ́dà, ó kùn ún.
Òjò rọ̀, ó padà bí ẹni tí a jẹ lówó.
Mo ra páànù tuntun méjì, mo ní kí wọ́n kàn án sókè ibẹ̀ gan-an.
Òjò rọ̀. Ó padà.
Obìnrin náà kò bú mi.
Ó kàn gbé bàsíà sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín òun àtọmọ rẹ̀,
ó ń da omi rẹ̀ nù níwájú ilẹ̀kùn mi láràárọ̀:
"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù."

Mo lọ ka owó fún Yékínnì. N kò sọ̀rọ̀.

Kò tilẹ̀ wọ yàrá tó ń jò.
Ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, ó di ojú kan bí ọdẹ.
Ó gun àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tọ ojú ìṣó, kò tẹ àárín páànù;
ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka eyín ọmọ.
Ó kó ìtẹ́ ẹyẹ nínú gọ́tà, sálúbàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan,
ewé máńgòrò bí ọdún mẹ́ta.
Ó bọ́ sínú àjà, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó pè mí.

"Ẹ wo ìṣó yìí, lókè góńgó. Rọ́bà ọrùn rẹ̀ ti gbó dànù.
Ibí lomi ń gbà wọlé. Ó wá ń tọ igi yìí bọ̀ bí èèrà,
ọ̀dọ̀ Ìyá Bùṣírátù ló ti ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.
Ibi tó ń jò kọ́ ló ti wọlé, Bàbá."

Rọ́bà kan. Mo rántí páànù méjì.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ igi kejì,
ìka rì sínú rẹ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀kọ. Ikán.
"Ìjì kan ṣoṣo lèyí ń dúró dè."

Ìgbà náà ni mo rí ṣọ́ọ̀kì lára igi àárín,
ọwọ́ bàbá mi, álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó máa ń wọ́:
1974, mo ti wò ó.
1975, mo ti wò ó, ìṣó méjì.
Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí dé 2009.
Ọdún tó tẹ̀lé e la sin ín.
Lẹ́yìn ìyẹn, igi lásán.
Gbogbo ọdún tí ilé ti jẹ́ tèmi, ikán nìkan ló wò ó.

Èmi tí mò ń ta táyà ní Gáréèjì Àtijọ́,
tí mò ń pariwo mọ́ awakọ̀ títí ohùn mi fi há:
ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó forí lé Ìbòkun,
ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ́!

Yékínnì pààrọ̀ rọ́bà, ó pààrọ̀ igi méjì.
Mo tọrọ ṣọ́ọ̀kì tó há sẹ́yìn etí rẹ̀.
Mo kọ ọdún. Mo kọ "mo ti wò ó".
Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀.
Mo fi ọwọ́ pa "mo" rẹ́,
mo kọ "Yékínnì" sí i.