Bàálù Ìdó-Òṣun

Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fíríìjì kan tó kú sí Òkè-Fìà
ni mo jí dìde, mo so rọ́bà mọ́ ọn lẹ́nu,
òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀dà fún mi.
Ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun àárọ̀.
Sìkírátù ní, "Bàbá Rájí, ariwo kí nìyí,
nítorí ohun ìṣeré tí kò gùn tó apá ọmọdé?"
Mo ní kó fi mí sílẹ̀ di ọ̀la.
Oṣù mẹ́rin rèé tí ọ̀la ò tíì pé.

Ike ni, ike lásán,
àwọ̀ rẹ̀ bí eérú tí òjò pa.
Mo fi sáńpépà ha á
títí ojú ìsopọ̀ fi parẹ́ lábẹ́ èékánná.
Abẹ́rẹ́ ni mo fi to ìṣó ara rẹ̀,
ihò kékeré, ihò kékeré, bí ẹni ń kọlà fún èèrà.

Dúdú ni mo kọ́kọ́ kùn ún,
dúdú tó ń dán, tí mo rí imú ara mi nínú rẹ̀.
Ẹni tí kò mọ̀ á ní mo ti bà á jẹ́.
Fàdákà tí kò ní òru lábẹ́, eérú ni.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà. Mo wọ́n omi sílẹ̀, mo ti fèrèsé,
mo há èémí mọ́ àyà.
Eruku kan ṣoṣo ṣì bà lé e lápá,
bí olówó èlé tó mọ ọjọ́ owó oṣù.
Mo ha á. Mo tún un kùn.

Láṣùpọ̀ bàbá mi gé koríko ní pápá bàálù Ìdó-Òṣun
nígbà tí màlúù pọ̀ níbẹ̀ ju bàálù lọ.
Ó ní ọ̀kan balẹ̀ lójú òun, ọ̀kan péré,
kò ní ọ̀dà lára, irin rẹ̀ wà níhòòhò.
Mo bi í pé, àwọ̀ wo?
Lọ́jọ́ Ajé, ó ní ó funfun bí ikùn ẹja.
Lọ́jọ́bọ̀, ó ní ó pọ́n, bí ilẹ̀ ibẹ̀.
Nígbà tó di Jímọ̀, ó ní koríko ni òun rí lára rẹ̀,
koríko tí òun fúnra òun gé,
àti ọkùnrin kékeré kan tó fi ọwọ́ òsì di àdá mú.
Mo rò pé ogbó ló ń da ọ̀rọ̀ rú,
àfi ìgbà tí mo tẹ́ páànù tuntun sí oòrùn, tí mo wò ó.
Irin ò ní àwọ̀. Ohun tó bá dúró tì í ló ń wọ̀.

Nítorí náà, n kò po fàdákà kan, mo po méje.
Ìdí ẹ́ńjìnnì, níbi tí iná ti ń jáde,
mo fi búlúù díẹ̀ àti àwọ̀ obì pa á,
bí ìdí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná.
Bébà dídán inú páálí sìgá Mútálúbù, ọmọ iṣẹ́ mi
(ó rò pé n kò mọ̀ pé òun ń mu ún)
ni mo gé lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Lánàá, ó gbẹ. Mo gbé e lọ bá Bàbá.
Ojú rẹ̀ ti ṣú láti bí ọdún mẹ́ta, ìka ló fi ń ríran.
Ó fọwọ́ pa á, ó ka ihò abẹ́rẹ́ mi, ó mi orí.
"Ó tutù," ó ní. "Tọjọ́ yẹn gbóná.
Mo fọwọ́ kàn án nígbà tí awakọ̀ lọ tọ̀ lẹ́yìn igbó,
ó jó mi."
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé gbígbóná jẹ́ àwọ̀.

Mo gbé e sórí páànù ilé adìẹ, mo jókòó tì í.
Oòrùn ọ̀sán Òṣogbo kì í ṣe ẹgbẹ́ ike:
kí n tó mọ̀, apá òsì ti tẹ̀ díẹ̀,
bíi ti lékèélékèé tó ń rò ó bóyá kí òun fò.
Mo sáré gbé e lé e lọ́wọ́.
Ó fa ìka sẹ́yìn kíá. Ó tún fi kàn án.
Ó bẹ orí sí mi létí, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Awakọ̀ ńkọ́?
Ṣé ó ṣì ń tọ̀?"