Ìwé Gbèsè Ìmọ́lẹ̀

Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti ti yunifásítì pa,
tí mo gbé kọ̀ǹpútà mi láti Ifẹ̀ wá sílé,
sí yàrá Bàbá Fámúrewá ní Ìjòkà, n'Iléṣà,
níbi tí aṣọ tí wọn ò rí tà kí wọ́n tó kú
ṣì ń rùn káńfọ̀ nínú àpótí.

Iṣẹ́ mi kò ju èyí lọ:
kí n mọ bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe rìn
nínú fọ́nrán dígí tó tín-ín-rín ju irun orí lọ.
N kò ní dígí lọ́wọ́. N kò ní fìtílà kankan tí mo fẹ́ tàn.
Iye ni mo ní.
Mo ta àwọ̀n iye bo fọ́nrán náà,
mo bi ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan pé, mélòó ló kàn ọ́?
Ó wo ará ọ̀tún, ó wo ará òsì,
ó wo ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀,
kó tó dáhùn.
Lẹ́yìn náà a ṣí ẹsẹ̀ kan síwájú.

Báyìí ni Bàbá ṣe rin Ìkàrẹ́ dé Kàbbà,
ẹrù aṣọ lórí, àwìn lẹ́yìn:
abúlé tí wọ́n wà ni wọ́n fi ń mọ abúlé tó kàn.

Ìmọ́lẹ̀ a sì máa dé etí dígí, a padà sínú,
ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ a yọjú síta,
a lóṣòó sẹ́yìn ògiri
bí òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo fi ọgọ́rùn-ún wọlé,
márùndínláàádóje jáde.
Kí n má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn.
Àwòrán náà ń kọ mànà lójú kọ̀ǹpútà.
Yèyé Adétọ̀ọ́kẹ́ na ọrùn wọlé:
"Ṣé èyí ló máa jẹ́ kí wọ́n mú iná wá?"
Rárá, Yèyé.
"Háà. Pẹ̀lẹ́ o."

Mo ṣí ìwé gbèsè Bàbá láti fi gbàgbé tèmi.
Lẹ́yìn èèpo rẹ̀, pẹ́ńsù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́:
*Owó tó bá dín, wá a.
Owó tó bá lé, tètè wá a.*

Mo wá a di àkùkọ ìdájí.
Àmì kan péré ni, àròpọ̀ níbi àyọkúrò,
ní etí àwọ̀n, lára ògiri
tí mo ní kó máa gbé ìmọ́lẹ̀ tó sá jáde mì.
Ògiri ò gbé nǹkan kan mì.
Ó ń yá a ní owó èlé.

Mo fa ìlà kan kúrò lára àmì náà.
Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.
Mẹ́ta yòókù, ibi tí fọ́nrán ti ṣẹ́ kọ́nà
ni wọ́n ti bọ́ sínú òkùnkùn;
mo rí ojú ẹsẹ̀ wọn.

Nínú ìwé Bàbá, ojú ewé tó kẹ́yìn,
orúkọ mẹ́ta ni wọ́n fa igi lé.
Ọ̀kan, *ó kú*.
Ọ̀kan, *ó kó lọ sí Gánà*.
Ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin ará Ìdànrè kan, aṣọ òfì méjì:
*mo ti fi jì í*.