Èmi Ni Mo Po Sìmẹ́ńtì Náà

Èmi ni mo po sìmẹ́ńtì náà,
èmi Sàlámì bíríkìlà,
lọ́dún tí náírà ṣì ń ṣọkùnrin.
Àpò mẹ́rìndínlógún, irin ẹsẹ̀ méjì,
iyanrìn tí a kó létí odò Òṣìn.
Ọmọ rẹ̀ ló ti Kàdúná fowó ránṣẹ́,
ó ní kí n fún bàbá òun ní èjìká tó gbòòrò,
kí n fi ìwé owó-orí sí i lọ́wọ́.
Mo bi í pé, pàṣán ńkọ́?
Kò dá mi lóhùn. Mo gbowó mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Akọ̀wé Abẹ́gúndé ṣe dúró sí oríta wa,
ó kọjú sí ọ̀nà Òmù-Àrán, ó kẹ̀yìn sọ́jà,
ọdún mẹ́rìnlélógójì gbáko.
Ìyá mi kì í gba oríta kọjá.
Tòun ti igi ìdáná lórí,
á yípo gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí.
Ó ní, “Ẹni tó so bàbá mi mọ́gi irúgbá nítorí ṣílè méje,
ìwọ lo tún un mọ, o sì mọ ọ́n ga.”
Títí ó fi kú, kò ró ìró tí mo fowó iṣẹ́ yẹn rà.

Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ ní kó máa lọ.
Gbọ̀ngàn ìlú gbóná bí páànù ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn.
Ẹnì kan ní ìtàn ni. Ẹnì kan ní ẹ̀gbin ni.
Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn pé ẹyẹlé ló ni ín báyìí.
A rẹ́rìn-ín, a sì fẹnu kò:
kó lọ.

Ibẹ̀ ni Alàgbà Oyèkúnlé ti dìde,
ó tún fìlà ṣe lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní bí a bá ti ń gbálẹ̀, ká gbá a dé kọ̀rọ̀:
àwòrán tí Múlíkátù ọmọ télọ̀ yà
sí yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ girama,
obìnrin mẹ́fà níwájú kóòtù owó-orí,
ìró wọn nílẹ̀, òkúta lórí wọn.
Ó ní ìhòòhò ni, ó ń dójú ti ìlú.
Ọwọ́ tí a fi yọ ère ni ká fi yọ àwòrán,
ẹ̀gbin kì í ju ẹ̀gbin.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ahọ́n mi wúwo bí kọ́ńkéré.
Mo fẹ́ sọ pé, Alàgbà,
ère wà lójú ọ̀nà, òun ló ń kí mi,
mo fẹ́ o, mo kọ̀ o, láàárọ̀, lálẹ́;
ìlú ló gbé e ga, ìlú ló ní ká wòkè wò ó.
Àwòrán wà nínú yàrá. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn.
Bí ó bá ta mí lójú, mo lè jáde.
Abẹ́gúndé pàṣẹ; ọmọ yìí ń jẹ́rìí.
Ta ní í ti ẹlẹ́rìí mọ́lé pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀?

Mo fẹ́ sọ ọ́.
Ṣùgbọ́n obìnrin kẹta lápá òsì nínú àwòrán náà,
imú ìyá mi ló wà lójú rẹ̀.
Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, n kò lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì.
Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ ká tì í nawọ́,
ọwọ́ mi wà lókè.

Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n wá pe bíríkìlà.
Èmi nìkan ló mọ ibi tí irin gbà.
Òòlù mẹ́rìnlá, orúnkún yẹ̀, ó ṣubú gbì.
Mo bá bébà àpò sìmẹ́ńtì tí mo fi dí ikùn rẹ̀ nígbà náà,
ó gbẹ, ó ṣì funfun.
Wọ́n fi tapólì bò ó lẹ́yìn ọ́fíìsì káńsù.

Ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ṣì wà. Ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀.
Lánàá, ọmọọmọ mi dúró tì í, ó ń jẹ gúgúrú.
“Bàbá àgbà, ta ló dúró síbí?”
“Akọ̀wé kan.”
“Kí ló ṣe?”
Mo bojú wo ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ girama.
Àgádágodo tuntun ló wà lẹ́nu yàrá yẹn,
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò Oyèkúnlé.
“Bàbá àgbà, kí ló ṣe?”
Mo ní kó jẹ gúgúrú rẹ̀.