Bẹ́ńṣì Etí Ọ̀sà

Pákó ọkọ̀ bàbá Tíámíyù la fi kàn án,
nígbà tí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ti jẹ ìdí ọkọ̀ náà tán.
Lásùn mú òòlù wá, Ṣàkírù mú ìṣó,
èmi mú ẹnu wá, bí ìṣe mi.
Ọdún kọkànlá nìyí lábẹ́ igi furúùtù.

Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, ibẹ̀ náà ni:
gààrí nínú abọ́ kan, ọ̀bọ̀kún gbígbẹ,
ṣíbí méjì fún ènìyàn mẹ́rin.
Ará Pópó-Ọ̀bà a ní, "Ẹ wá wo ọ̀rẹ́!"
Àwa náà a sì ṣe ọ̀rẹ́ fún wọn wò.

Kò sí ìjà. Ìjà ì bá sàn.
Ó kàn jẹ́ pé Tíà ni Ṣàkírù ń pè é tẹ́lẹ̀,
ó ti di Tíámíyù báyìí, ní kíkún,
bí ìgbà tí akọ̀wé kóòtù bá ń pe orúkọ.
Ó kàn jẹ́ pé Lásùn a máa rẹ́rìn-ín
kí àwàdà tó parí.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni.
Àwa mẹ́rin la dáwó rà á, a kùn ún lọ́dà pupa.
Tíámíyù ní ìjì já a bọ́ sómi lóru,
a kí i kú ewu, a tilẹ̀ tún dáwó fún un.
Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ṣàkírù rí ọ̀dà pupa yẹn
lẹ́yìn ọkọ̀ ará Ẹ̀jìrìn kan.
Èmi ló sọ fún. "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."
Lásùn ló bá a wá oníbàárà, ó gba tirẹ̀ níbẹ̀.
Èmi ló sọ fún. "Jọ̀ọ́, ọwọ́ ẹ ló wà."
Tíámíyù fúnra rẹ̀ sunkún sí mi léjìká
lẹ́yìn ilé ìwòsàn: iṣẹ́ abẹ Múnírátù,
owó ẹ̀jẹ̀, owó bẹ́ẹ̀dì, dókítà kò gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́".
Èmi náà ló sọ fún.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá tú u.
Ṣàkírù kì í ṣe òkúta, bí àbúrò ló ṣe ń gẹ Múnírátù.
Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tí n kò lè sọ lórí bẹ́ńṣì:
ó ń dùn mọ́ mi.
Èmi tí n kò ní àwọ̀n, tí n kò ní ilẹ̀,
ni wọ́n ń wò lójú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.
Èmi ni wọ́n ń fi àyè àárín sílẹ̀ fún.

Jímọ̀ tó kọjá, ìṣó kan yọrí lára pákó.
Ó fa ṣòkòtò Lásùn ya. Lásùn sún.
Ó gún Ṣàkírù ní itan. Òun náà sún.
Kò sẹ́ni tó bèèrè òòlù.
Òṣíbàtà ń léfòó lọ, ọkọ̀ kan ń bọ̀ lókèèrè,
a gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí a tó rí i,
àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tẹjú mọ́ abọ́ gààrí
bí ẹni tó fẹ́ ka hóró rẹ̀.

"Ẹ mú ṣíbí," ni mo wí.