Kọ́kọ́rọ́ Ilé Búrẹ́dì

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò,
lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì kì í tán lọ́wọ́ mi.
Nísinsìnyí, ìyẹ̀fun ni.
Àwọ̀ kan náà; iṣẹ́ ò jọra.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì Òkèṣà lé mi lọ́wọ́,
mo pàṣẹ bí ẹni tó wà níwájú pátákó:
"Ẹ dákẹ́! Ẹ ṣe é báyìí!"
Búrẹ́dì ló dá mi lóhùn:
igba ó lé mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ jóná.
Bàbá Fápohùndà kò sọ nǹkan kan.
Ó kàn ń gbá eérú.

Lóru ni mo rántí bàbá bàbá mi,
òṣómàáló tó ru aṣọ títí dé Ọ̀fà,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí owó fi jáde.
Ta ló wá jẹ ta ní gbèsè báyìí?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo lóṣòó níwájú ààrò.
"Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé iná ti tó?"
Wọ́n wò mí pẹ́.
Wọ́n fa ọwọ́ mi súnmọ́ ẹnu ààrò:
"Máa kà. Ìwọ ṣáà mọ ìṣirò."
Ení, èjì, ẹ̀ta…
orí èje ni mo fa ọwọ́ yọ.
"Ó tó," ni wọ́n wí.

Orúnkún ń ro mí títí di ọ̀sán.
Búrẹ́dì wú.