Orin Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ìròyìn wa ń jáde.
Ojú ewé kẹrìnlá ni tèmi,
láàárín ìpolówó ilé títà àti oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.
Ibẹ̀ ni mo ti ń gbé àwo orin tuntun lé orí ìwọ̀n.
Ìràwọ̀ márùn-ún ni gbogbo agbára tí mo ní,
ọdún mẹ́fà rèé, n kò fún ẹnikẹ́ni ní márààrún rí.

Nígbà tí Ọ̀ṣúngbèmí ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé àwo rẹ̀ jáde,
orin mọ́kànlá,
gbogbo Alékúwodò gbóná.
Àwọn tó ń tún fóònù ṣe l'Ọ́láìyá gbé sípíkà síta,
kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbé e lọ Òkè-Fìà, ń gbé e bọ̀.

Mo jókòó sí pálọ̀ mi ní Gbọ̀nmi,
èmi, etí méjì, bírò kan.
Orin kìíní, ó ki alága káńsù.
Ìkejì, ó ki ẹni tó fẹ́ di alága káńsù.
Ìkẹta, ó ní òun lówó; ìkẹrin, ó ní ọ̀tá òun ò lówó.
Ìkarùn-ún, kíbọọ̀dù ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.
Ìkẹfà, mo lọ bu omi mu.
Ìkeje, àlejò kan wọlé láti Èkó,
ó pe orúkọ ara rẹ̀ nígbà mẹ́tàdínlógún, ó jáde.
Ìkẹjọ ń lọ lọ́wọ́
ni NẸ́PÀ mú iná.

Fóònù mi ti kú láti ìrọ̀lẹ́.
Bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ kò ju omijé ológbò lọ.
Olóòtú sì ní aago mẹ́fà àárọ̀ lòun ń fẹ́ ẹ.
Mo tan àbẹ́là.
Mo kọ ọ́:
"Nínú mọ́kànlá, kò sí ẹyọ kan tó ṣe é gbé síwájú àgbà.
Ohùn dídùn, ọ̀rọ̀ òfìfo,
ìkòkò tuntun tí wọ́n fi ń se omi lásán.
Ìràwọ̀ méjì."
Ẹ wò ó, gbólóhùn ìkòkò yẹn dùn mọ́ mi nínú.
Mo kà á sókè fún Múìbátù ìyàwó mi.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ti gbọ́ ọ tán?"
Mo ní, "Ṣé dìgbà téèyàn bá jẹ màlúù tán
kó tó mọ̀ pé ẹran ti rà?"

Ọjọ́ Ajé, níwájú fọkanáísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
mo bá a pàdé, taya ọkọ̀ rẹ̀ ti jò.
Ó kéré ju ohùn rẹ̀ lọ.
Mo ti múra sílẹ̀ de èébú,
èsì mẹ́ta wà lápò mi.
Kò bú mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbọn eruku orúnkún,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ.
Ìkẹsàn-án ńkọ́?
Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ìkẹsàn-án."
Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jábọ́.
Mo ní, "Ìkẹsàn-án… ìyẹn dára díẹ̀."
Ó wò mí.
Fọkanáísà ń fẹ́ atẹ́gùn sí taya,
ìyẹn nìkan ló ń dún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbọ́ ọ.
Kò sí kíbọọ̀dù. Kò sí alága.
Jìtá kan, ohùn kan,
àti bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbùdó ọkọ̀ ojú irin,
tó ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù láràárọ̀
lọ́dún kẹta tí ọkọ̀ ò ti dé mọ́,
tó ń fọn fèrè fún koríko.
Níbi tó ti ní, "Fọn ọ́n, Bàbá, bóyá ó jìnnà ni kò jẹ́ ó gbọ́,"
ohùn rẹ̀ já díẹ̀, wọn ò sì tún un ṣe.
Múìbátù jókòó tì mí. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo kọ àtúnṣe. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí:
mẹ́jọ ni mo gbọ́, mọ́kànlá ni mo dá lẹ́jọ́.
Olóòtú ní kò sáyè.
Ó fi í sábẹ́ ìkéde òkú, ìlà mẹ́rin,
ó yọ orúkọ mi kúrò.

Orin mẹ́jọ yẹn ṣì burú o, n kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.
Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìkẹwàá,
n kò tíì gbọ́ ìkọkànlá.
Iná wà. Fóònù kún.
Ẹ̀rù ń bà mí láti tẹ̀ ẹ́.