Kókó Mẹ́ta

Òwúrọ̀ Sátidé ní Ìwópin, ìkùukùu ò tíì ká.
Kúforíjì ń tukọ̀, èmi gbá ìgò mọ́ra.
Mo rọra ju àwo funfun tó wà lẹ́nu okùn sínú ọ̀sà:
kókó mẹ́ta péré wọmi,
àwo ti dàwátì.
Lọ́dún ìjẹta, méje ni.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

"Tíṣà, èló ni wọ́n ń san fún yín?"
Kọ́bọ̀ ò sí ńbẹ̀.
Omi yìí ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí mo dáyé.
Ṣé kí n má bi í pé ara ńkọ́?

Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹja ò kúkú mọ̀wé."
Ló bá bu omi lọ́wọ́, ó gbé e símú,
ó dákẹ́.
"Ẹ kọ èyí náà."

Mi ò mọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ òórùn.
Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.